Ọ̀RỌ̀ KÉÉKÈÈKÉ TÍ Ń YÍ ÌTUMỌ̀ PADÀ NÍNÚ ÈDÈ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kéré lójú, ṣùgbọ́n ó lè kó ènìyàn sí wàhálà.

Bí àwa Yorùbá bá wí pé owó wà nínú àpótí, tàbí pé ìwé wà lórí tábìlì, "ní" kan náà ni ó bẹ̀rẹ̀ méjèèjì. "Inú" àti "orí" ni ó fi ibi tí nǹkan wà hàn. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀. "In" ni wọ́n ń lò fún inú, "on" fún orí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń bèèrè ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pe "ní" kò ní rí ìdáhùn kan ṣoṣo gbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àkókò. Aago ń gba "at", ọjọ́ ń gba "on", oṣù àti ọdún ń gba "in". Nàìjíríà gba òmìnira "in 1960"; bí a bá dárúkọ ọjọ́ náà gan-an, ó di "on 1 October 1960". A ń wí pé "in the morning", a sì ń wí pé "at night". Ẹ má bi mí ní ìdí rẹ̀. Ẹ ṣáà há a sórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni rìsíìtì. Bí ẹni tí ó jẹ mí ní gbèsè bá san án, n ó wí pé, "Mo gba owó lọ́wọ́ rẹ̀." Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ni "I received the money from him." Bí akọ̀wé bá kọ "for him", ohun tí ìwé náà ń wí ni pé mo bá a gba owó náà ni, pé tirẹ̀ ni, kí n sì lọ kó o fún un! Èmi olówó ti di onígbèsè.

Ẹ kíyè sí ọjọ́ pẹ̀lú. Nígbà kan, mo mú fọ́ọ̀mù lọ sí ọ́fíìsì kan ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù, wọ́n sì dá mi padà láti ẹnu ọ̀nà. "Before the 15th" ni ìkéde wọn wí. Ọjọ́ kẹrìnlá ni òpin. Ì bá ṣe pé "by the 15th" ni wọ́n kọ, n kò pẹ́.

Ẹni tí ó bá ní rìsíìtì nílé, kí ó mú un wá ní ìpàdé tí ń bọ̀, kí a jọ wo "for" àti "from" inú rẹ̀.