Ọkọ̀ Oko Di Ọkọ̀ Ìgboro

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni mo mú wá lónìí.

Bàbá kan wà ní kíláàsì alẹ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Iṣẹ́ gẹdú ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n rí Land Rover àtijọ́ kan tí wọ́n ń tà ní Ògùn Waterside, tí ó ti ru ẹja àti igi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní àwọn yóò sọ ọ́ di ọkọ̀ ìgbafẹ́: ọ̀dà pupa, ìjókòó aláwọ, táyà fífẹ̀, kí àwọn lè fi gbé àwọn ọmọ-ọmọ lọ sí Ojúde Ọba.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Títún ọkọ̀ dá kì í ṣe nǹkan àjèjì. Bọ́lẹ̀kájà tí àwọn bàbá wa wọ̀, iwájú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti ṣáàsì ni ó ti òkè òkun wá. Káfíńtà ilé ni ó kan pákó lé e. Ní ilẹ̀ Philippines, lẹ́yìn tí ogun parí ní 1945, àwọn ará ibẹ̀ gba jíìpù tí sójà Amẹ́ríkà fi sílẹ̀, wọ́n fà á gùn, wọ́n kùn ún lóríṣiríṣi, wọ́n fi ń kó èrò nínú ìgboro.

Bàbá ní kí n bá àwọn lọ wo ọkọ̀ náà. Ara rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí ìpẹtà lára ilẹ̀kùn, kò sí lára bọ́nẹ́ẹ̀tì. Inú bàbá dùn. Èmi ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná, bàbá."

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Rover ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbé Land Rover jáde ní 1948, irin ṣọ̀wọ́n lẹ́yìn ogun. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe ara rẹ̀. Èyí kì í dípẹtà bí irin; ẹ wo ìkòkò ìdáná yín, ṣé ẹ rí i? Ṣùgbọ́n ṣáàsì tí ó gbé gbogbo rẹ̀ dúró, irin ni. Wọ́n jó irin pẹlẹbẹ pọ̀ bí àpótí gígùn, inú rẹ̀ ṣófo. Omi àti ẹrẹ̀ a máa wọ ibẹ̀, ìpẹtà a sì máa jẹ ẹ́ láti inú bọ̀ síta. Níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́, iyọ̀ a tún mú un yá kánkán.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi hámà kékeré gbá ṣáàsì náà. Irin tó ṣì le a dún bí agogo. Èyí tó ti jẹrà, kò ní dún dáadáa. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn, níbi tí sípíríìnì ti so mọ́ ọn, hámà wọlé lọ!

Jórinjórin tí ọlọ́kọ̀ mú wá ní kò sí wàhálà, òun á lẹ páànù mọ́ ọn, òun á fi ọ̀dà dúdú bò ó. Inú bí mi, n kò ní purọ́. Bí sípíríìnì bá já kúrò níbẹ̀ lórí eré, ọkọ̀ á yà wọgbó, tòun ti àwọn ọmọ tó wà nínú rẹ̀.

Bàbá dákẹ́ títí. Nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí ọlọ́kọ̀ dín owó rẹ̀ kù, àwọn yóò mú mẹkáníìkì tiwọn wá. Ó gbà. Síbẹ̀ bàbá kò san kọ́bọ̀ títí wọ́n fi ka nọ́ńbà ṣáàsì, ìka lórí ìwé, ojú lára irin. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n kà á o, èmi kọ́.

Wọ́n gé ibi tó jẹrà dànù, wọ́n jó irin tuntun tó nípọn sí i. Owó ìjókòó aláwọ bá a lọ. Owó táyà fífẹ̀ lọ sórí búréèkì. Àwọn ọmọ wọn fẹ́ ẹ́ńjìnnì tó lágbára jù bẹ́ẹ̀. Bàbá ní rárá, búréèkì ìgbà náà kò lè dá irú eré yẹn dúró. Ọ̀dà pupa ńkọ́? Bí a bá yí àwọ̀ ọkọ̀ padà, a ní láti lọ tún ìwé rẹ̀ ṣe. Wọ́n ní kí àwọ̀ ewé rẹ̀ máa wà bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀ báyìí láàárín Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè. Pákó tí bàbá fúnra wọn rẹ́ ni wọ́n fi ṣe ìjókòó ẹ̀yìn. Mo ti wọ̀ ọ́. Ó ń dunni ní ìdí díẹ̀.