Orúkọ Wà, Oríkì Wà, Orílẹ̀ Dà? Ọ̀rọ̀ Lórí Wíwá Ìran Ẹni

   

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n sọ lónìí dá lórí bí ènìyàn ṣe lè wá ìyá tàbí baba ńlá tí òkìkí rẹ̀ kò kàn, tí ó jẹ́ pé ìwé díẹ̀ àti ẹnu àgbà díẹ̀ ni a fi mọ̀ pé ó gbé ayé rí. Àwọn àlejò ń ti Amẹ́ríkà, Bùràsíìlì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá síbi ọdún Ifá, wọ́n sì ń bi wá pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ilé wo ni mo ti ṣẹ̀ wá?” Ìbéèrè náà wúwo. Bí a bá dá a lóhùn lọ́nà àìtọ́, odidi ìran kan ni a ṣì lọ́nà. Ohun tí mo fẹ́ kí a mú lọ sílé kò ju ọ̀kan lọ: nínú ohun gbogbo tí a fi ń mọ ènìyàn, orílẹ̀ ni ó máa ń yára sọnù, òun náà ni ó sì ṣòro jù láti rí padà. Nítorí náà, òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ilé. Láti Ailegun yìí dé Oṣòdì kò jìnnà. Lójoojúmọ́ ni àwọn agbèrò ń fi orúkọ náà pe èrò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń wọkọ̀ níbẹ̀ ló mọ̀ pé orúkọ ìjòyè kan ni, Oṣòdì Tápà. Ọmọ ilẹ̀ Nupe, tí àwa ń pè ní Tápà, ni. Ó dé Èkó, ó sì di ìránṣẹ́ ní ààfin Ọba Oṣìnlókùn. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́ ní 1851, Oṣòdì bá ọba rẹ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1862 ó padà sí Èkó, ó sì tẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ dó sí apá ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó títí di òní. Ó kú ní 1868.

Ẹ wo bí ìtàn ṣe fara pamọ́ sínú orúkọ. “Tápà” sọ ibi tí ó ti wá. “Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó” sọ ibi tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti padà bọ̀. Lẹ́yìn orúkọ, ìwé ilé ẹjọ́ tún dé. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹjọ́ ṣẹlẹ̀ láàárín olórí ìdílé Oṣòdì àti àwọn tó ń gbé inú agbo ilé ibẹ̀, ẹjọ́ náà sì dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń béèrè ẹ̀tọ́ gbọ́dọ̀ ka ìran rẹ̀: ta ló bí ta, ta ló bá ta dé, ta ni ọmọ bíbí, ta ni àrótà. Ẹni tó bá ń wá baba ńlá rẹ̀ ní Èkó kò gbọdọ̀ fojú kéré ìwé ẹjọ́ ilẹ̀. Ibi tí àwọn ará ilé ti ń jà ni wọ́n ti máa ń sọ ohun tí wọn kì í sọ nígbà tí wọ́n bá ń ṣeré.

Kí wá ni orílẹ̀? Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde títí di 1921, ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Orúkọ wà, ìbáà jẹ́ àmútọ̀runwá tàbí àbísọ. Oríkì wà, èyí tí ìyá fi ń kẹ́ ọmọ, bí Àjàní, Àlàbí tàbí Àbẹ̀kẹ́. Orílẹ̀ sì wà, èyí tí gbogbo ìran jọ ń jẹ́, bí Ọ̀kín, Erin tàbí Òpó. Orílẹ̀ baba ni ọmọ ń jẹ́, bí obìnrin bá sì lọ sílé ọkọ, ti baba rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún obìnrin lè máa jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ “Àbẹ̀kẹ́ Ọ̀kín”, ojú wa yóò yí sí ọ̀nà Ọ̀fà. Oríkì sọ fún wa pé wọ́n kẹ́ ọmọ náà. Orílẹ̀ sọ fún wa ẹni tó kẹ́ ẹ.

Ìtàn ọmọ kan wà tí yóò jẹ́ kí ìyàtọ̀ yìí yé wa dáadáa.

Ní ọdún 1860, ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Clotilda kó nǹkan bí 110 ènìyàn ní Ouidah, ní ilẹ̀ Dàhòmì, ó kó wọn gúnlẹ̀ sí Mobile ní ìpínlẹ̀ Alabama. Láti 1808 ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀, nítorí náà wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ẹ̀rí má bàa sí. Nínú àwọn tí wọ́n kó ni obìnrin kan àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún méjì lọ. Olóko kan tí ń jẹ́ Memorable Creagh ra ìyá, ọmọ kékeré náà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan. Àwọn ọmọbìnrin méjì yòókù bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìyá wọn kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Láìpẹ́ tí wọ́n dé oko, ìyá àti àwọn ọmọ gbìyànjú láti sá, wọ́n sì mú wọn padà.

Orúkọ tí ìwé Amẹ́ríkà fún ìyá náà ni Gracie. Ọmọ rẹ̀ ni Matilda. Nígbà tí òmìnira dé, Matilda yí orúkọ olóko náà padà lára orúkọ rẹ̀, ó sọ ọ́ di McCrear. Ṣùgbọ́n orúkọ tó bá a ti ilé wá ni Àbákẹ́.

Ó bí ọmọ mẹ́rìnlá. Ní 1931, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó rìn nǹkan bí máìlì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ sí ilé ẹjọ́ ní Selma láti béèrè owó ìtanràn fún ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí. Adájọ́ kò gbà. Ṣùgbọ́n akọ̀ròyìn kan gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ìlú náà. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1940, ó dákẹ́.

Ọgọ́rin ọdún kọjá. Àwọn onímọ̀ ti gbà pé Kossola, tí wọ́n ń pè ní Cudjo Lewis, tó kú ní 1935, ni ó gbẹ̀yìn àwọn tí wọ́n kó nínú ọkọ̀ náà. Ní 2019, Hannah Durkin, olùkọ́ ní Yunifásítì Newcastle ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Redoshi wà láàyè títí di 1937. Ní 2020, ó tún fi hàn pé Àbákẹ́ kọjá àwọn méjèèjì. Báwo ni ó ṣe rí i? Ó bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ pàdé nínú ìwé ìròyìn àtijọ́, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìkànìyàn àti àkójọ orúkọ ìdílé, títí tí ẹ̀rí kan fi ń jẹ́rìí èkejì. Ọmọ-ọmọ Àbákẹ́ kan, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún nígbà náà, kò mọ̀ pé ìyá ńlá òun ni ọkọ̀ náà gbé wá. Ìtìjú tí wọ́n gbé lé orí ẹni tí wọ́n kó lẹ́rú, dípò kí wọ́n gbé e lé orí ẹni tó kó o, ni ó ń mú kí irú ìdílé bẹ́ẹ̀ dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a ka ohun tó kù lọ́wọ́ Àbákẹ́. Ilà wà lójú rẹ̀. Títí tí ó fi dàgbà, ó ń di irun rẹ̀ bí àwọn obìnrin Yorùbá ṣe ń di í, bóyá lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ni ó ti kọ́ ọ. Oríkì rẹ̀ sì wà. Ohun mẹ́ta yìí tó láti fi hàn pé ọmọ wa ni. Wọn kò tó láti fi hàn pé ọmọ ilé báyìí ni, nítorí pé kò sí orílẹ̀ lẹ́yìn Àbákẹ́. Oṣòdì gbé Tápà mọ́ orúkọ, ayé sì ń pè é bẹ́ẹ̀ di òní. Ọmọ ọdún méjì kò lè gbé ju ohun tí ìyá rẹ̀ ń fi pè é lọ.

Ẹ fi í wé Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni wọ́n kó o ní Òṣogùn. Ó ti tó ọmọ tí ń mọ orúkọ ìlú rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀ nígbà náà. Ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, òun àti ìyá rẹ̀ tún rí ara wọn ní Abẹ́òkúta. Àwọn méjèèjì bọ́ sọ́wọ́ aṣòwò ẹrú, ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀kan lè rántí ni ó là á lọ́nà.

Ẹ̀yin olùwádìí mọ̀ pé àwọn ìwé mìíràn wà. Nígbà tí àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn ènìyàn sílẹ̀ lórí òkun, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀ ní Freetown àti ní Havana: orúkọ, ọjọ́ orí, bí wọ́n ṣe ga tó, nígbà mìíràn ilà ara wọn. Ó lé ní 91,000 orúkọ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí. Àwọn akọ̀wé Òyìnbó ni ó kọ wọ́n bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ, láìsí àmì ohùn, láìsí ìyàtọ̀ láàárín e àti ẹ. “Abake” tí a bá rí nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ Àbákẹ́, ó sì lè jẹ́ Àbẹ̀kẹ́. Etí ẹni tí a bí sínú èdè nìkan ló lè tú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, àwọn àgbà tó jókòó síbí yìí, tí wọn kò tẹ kọ̀ǹpútà rí, ní iṣẹ́ láti ṣe níbẹ̀. Bákan náà ni ìwé ìrìbọmi ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, àti ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Ní ti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DNA, ó lè fi ìbátan han ara wọn, ó sì lè tọ́ka sí agbègbè. Kò mọ èèwọ̀, kò sì mọ orílẹ̀.

Mo wá yí padà sí àwa ọmọ awo. Ifá ni Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ẹni tí ń sin ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́rìí èké. Bí àlejò bá kúnlẹ̀ níwájú wa tí ó ń sunkún pé kí a sọ ilé òun fún òun, àánú yóò ṣe wá, yóò sì rọrùn láti dárúkọ ìlú kan kí omijé náà lè dá. Ohun tí Ifá bá sọ, kí a sọ ọ́ bí ó ti sọ ọ́. Ohun tí a kò gbọ́, kí a má fi kún un. Ọmọ náà yóò padà sílé, yóò fi ohun tí a sọ kọ́ àwọn ọmọ tirẹ̀, irọ́ wa yóò sì di orílẹ̀ wọn. Ó sàn kí a gbà á bí ọmọ, kí a fún un ní omi àti oúnjẹ, kí a sì sọ fún un pé, “Ọmọ wa ni ọ́. Ilé ni o dé yìí. A jọ ń wá agbo ilé rẹ ni.”

Ọ̀pọ̀ nínú ohun tí Àbákẹ́ sọnù ni à ń gbọ́ lọ́jọ́ ẹsẹ̀ntayé. Nígbà náà ni babaláwo ń sọ odù tó bí ọmọ, èèwọ̀ rẹ̀, nígbà mìíràn baba tàbí ìyá ńlá tó padà wá. Ìdílé mélòó ni ó ń kọ ọ́ sílẹ̀? Òkú àgbà kan ṣoṣo lè gbé gbogbo rẹ̀ lọ.

Nítorí náà, bí a bá túká níbí, kí olúkúlùkù lọ bá àgbà tó kù nínú ìdílé rẹ̀, pàápàá àwọn ìyá, nítorí lẹ́nu wọn ni oríkì wà. Kí a béèrè orúkọ àbísọ, oríkì àti orílẹ̀ baba àti ti ìyá. Kí a béèrè èèwọ̀, ilà, òrìṣà ìdílé, ìlú àti agbo ilé. Kí a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tí ó sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí a kọ méjèèjì, kí a má dá ẹjọ́ láàárín wọn. Kí a ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ tó wà ní òkè òkun.

Ìyá Àbákẹ́ kò rí àyè kọ́ ọmọ rẹ̀ dé ibi orílẹ̀. Àwa rí àyè.

Kí Ọ̀rúnmìlà jẹ́ kí orílẹ̀ wa má já bọ́ lẹ́nu ọmọ wa. Kí àwọn tó ń wá ilé rí ilé. Àṣèyí ṣàmọ́dún. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.