Owó Orí Ilé ní Abidjan: Ohun tí Ó Yẹ kí Onílé Mọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin onílé, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tu owó jọ láti kọ́lé, ọ̀rọ̀ owó orí ilé ni ọ̀rọ̀ òní.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ Yorùbá láti Èjìgbò àti àwọn ìlú mìíràn ti tẹ̀dó sí Treichville, Adjamé àti àwọn àdúgbò mìíràn ní Abidjan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọjà orí àtẹ. Àwọn kan sì ti di onílé. Ṣùgbọ́n bí ìwé owó orí bá dé, ẹlòmíràn a ká a, a sì tì í sábẹ́ ẹní. Èyí kò dára. Ìwé náà ń sọ̀rọ̀, ó sì yẹ kí onílé gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Owó yìí, tí àwọn Faransé ń pè ní impôt foncier, kì í ṣe irú èyí tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ṣáájú wọn, dìde sí ní 1947. Ti ìgbà náà wà lórí ènìyàn. Ti Abidjan wà lórí ilé àti ilẹ̀. Iye tí ilé lè mú wọlé lọ́dún lọ́wọ́ ayálégbé ni àwọn agbowó orí ń wò. Bí ilé kan bá ń mú 100,000 franc wọlé lóṣù, 1,200,000 franc ni iye rẹ̀ lọ́dún, orí iye yìí ni wọ́n sì ti ń yọ ìdá ti Ìjọba. Ilé tí onílé ń gbé fúnra rẹ̀ àti èyí tí ó fún ayálégbé kì í san ìdá kan náà. Ilẹ̀ tí a kò tíì kọ́ ilé sí pàápàá kò bọ́. Iye tí a lè tà á ni wọ́n ń wò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí onílé kọ́kọ́ wò nínú ìwé: orúkọ ta ni ó wà níbẹ̀? Iye wo ni wọ́n dá lé ilé náà? Lílò wo ni wọ́n kọ pé a ń lò ó? Bí ọ̀kan bá ṣì, òfin fún onílé láyè láti kọ ìwé ẹ̀hónú sí iléeṣẹ́ owó orí.

Ti orúkọ ni ó wúwo jù. Bí àlejò kan bá fi ìbẹ̀rù kọ́ ilé rẹ̀ ní orúkọ ọ̀rẹ́, orúkọ ọ̀rẹ́ náà ni yóò wà nínú gbogbo ìwé, bí ó tilẹ̀ san owó fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ tí ó bá kú, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi hàn? Ìbẹ̀rù náà kò sì nídìí nínú ìlú. Òfin 1998 tí ó fi níní ilẹ̀ mọ sọ́dọ̀ Ìjọba àti àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè náà, ilẹ̀ ìgbèríko ni ó bá wí; kò kan ilẹ̀ ìlú.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tan ara rẹ̀ jẹ: ìwé ẹ̀rí pé a sanwó kì í ṣe ìwé ẹ̀rí pé a ni ilé. Láti 2013, ìwé tí ó ń fi ẹni tí ó ni ilẹ̀ ìlú hàn ni Arrêté de concession définitive, tí wọ́n ń pè ní ACD, láti ọ̀dọ̀ Iléeṣẹ́ Ìjọba fún Ilé Kíkọ́. Ọ̀kan kò lè rọ́pò èkejì. Ẹni tí ó ní ACD tí kò sanwó jẹ gbèsè. Ẹni tí ó ń sanwó láìní ACD ń bomi rin igi tí ẹlòmíràn lè wá ká èso rẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Kí onílé sanwó rẹ̀ ní ojúkò Ìjọba, kí ó gba ìwé ẹ̀rí, kí ó tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀, kí ó sì fi ibi tí ó kó wọn sí han aya àti àwọn ọmọ. Òógùn ọ̀pọ̀ ọdún ni ilé ní ilẹ̀ àjèjì. Kò yẹ kí ó sọnù nítorí ìwé tí a kò kà.