Oṣù Mẹ́fà Tó Ń Bọ̀

Ẹ̀yin ọmọ wa tó ń kọ́ bàólọ́jì ní yunifásítì, SIWES ń bọ̀, ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí àjọ ITF dá sílẹ̀ ní 1973. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń fi oṣù mẹ́fà rẹ̀ ṣẹ̀dà ìwé ní ọ́fíìsì tí kò bá bàólọ́jì tan. Tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n wọlé, wọ́n á máa wá ẹni tí yóò buwọ́ lu lọ́ọ̀gìbúùkù. Owó ọkọ̀ lọ síbi tó jìnnà ti wọ́n lóòótọ́, n kò bá yín jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo Ìbàdàn. Láti 1967 ni ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA ti wà níbẹ̀. Oríṣi ẹ̀wà tó wà nílé ìpamọ́ irúgbìn wọn ju 15,000 lọ. Kí wọ́n lè mọ̀ bóyá irúgbìn ṣì yè, wọ́n á tò díẹ̀ sórí pépà tútù, wọ́n á fún un ní ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì ka èyí tó hù. Iṣẹ́ náà ń súni o, àmọ́ ibẹ̀ lojú ti ń là. Ẹ wo Ẹdẹ náà: ní Máàṣì 2020, àwọn ará ibùdó ìwádìí ACEGID ní Yunifásítì Redeemer's wà nínú àwọn tó kọ́kọ́ tú àbùdá kòkòrò Kòrónà palẹ̀ ní Áfíríkà.

Irú ibi bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ibi à ń sáré wọ̀ lọ́sẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹ tọ olùkọ́ yín lọ, ẹ bi í ní ìwádìí tó ń ṣe, kódà bó jẹ́ ìgò lẹ máa kọ́kọ́ bá a fọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tí ẹ ó fi béèrè ààyè lọ́sẹ̀ yìí.