Ẹ Má Fi Ara Yín San Owó Ọkọ̀

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin àbúrò mi tó ń gbé ọmọ pọ̀n lọ síṣẹ́, mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín kò sí nílé báyìí. Ẹ ti wà nínú takisí, rédíò awakọ̀ lẹ fi ń gbọ́ mi. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Láti Àjàṣẹ́ dé Kútọnu, ọ̀nà yẹn kò ju bíi kìlómítà 30 sí 40 lọ. Ilẹ̀ kò sún. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí i pé ọ̀nà ń gùn sí i. Ọkọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó máa ń jáde nílé ní aago mẹ́fà tẹ́lẹ̀, aago mẹ́rin ààbọ̀ ló ń jáde báyìí, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ má bàa ká a mọ́. Láti 2023 tí Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo ọkọ̀, ẹ̀sáǹsì kpayo wọ́n, owó ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Ìjọba tún kọ́ ọjà ńlá sí Akassato fún àwọn tó ń tajà lọ́pọ̀. Ẹni tó bá ń ti Àjàṣẹ́ lọ síbẹ̀, ó máa la Kútọnu kọjá ni. Ká má tíì sọ ti ẹ̀yin ará Kétu, Pobẹ àti Sakété tẹ́ ẹ ń gbéra lóru.

Owó ọkọ̀, ẹ ti san án. Ṣùgbọ́n owó mìíràn wà tí a kì í kà: ara wa là ń fi san án.

Ìyá kan wá bá mi nílé ìwòsàn. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Aṣọ ló ń tà ní Dantokpa. Ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀yìn ń dùn ún, bó bá sì tọ̀, á máa ta á bí ata. Mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní tàǹsíọ̀n. Ó lé ní 180 lórí 110. Mo ní, “Ìyá, ṣé ẹ̀ ń lo oògùn yín?” Ó wolẹ̀.

“Dókítà, ẹ má bínú. Oògùn yẹn ń jẹ́ kí n máa tọ̀ ṣáá. Níbo ni mo fẹ́ tọ̀ sí lójú ọ̀nà? Ọkùnrin ló kún inú ọkọ̀.”

“Omi ńkọ́?”

“Mi ò kì í mu omi títí ọ̀sán. Bí mo bá sì dé ọjà, ilé ìtọ̀ jìnnà, owó ni. Ta ni yóò bá mi ṣọ́ ọjà?”

Mi ò bá a jà. Èmi náà ti ṣe é rí. Nígbà tí mo ń ti Àjàṣẹ́ lọ síṣẹ́ ní Kútọnu, mo máa ń pa ìtọ̀ mọ́ra títí màá fi délé. Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ ìtọ́jú aláìsàn o! Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi gbà mí sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ihò tí ìtọ̀ ń gbà jáde lára obìnrin kúrú ju ti ọkùnrin lọ. Kòkòrò àìsàn kì í pẹ́ kó tó gun òkè dé inú àpò ìtọ̀. Bí a bá ń mumi tí a sì ń tọ̀, omi á máa ṣàn án dànù. Bí a bá fi òùngbẹ gbẹ ara, tí a tún pa ìtọ̀ mọ́ra, ńṣe là ń fún kòkòrò yẹn láyè láti bímọ síbẹ̀. Bó bá gòkè dé kíndìnrín, ibà àti ìrora ẹ̀yìn dé nìyẹn. Tí aboyún bá ní in, ó lè jẹ́ kó rọbí láìtó ọjọ́.

Kí wá ni ṣíṣe? Bí ẹ bá jí, ẹ mu omi ife kan. Ẹ ṣe iṣẹ́ ilé yín, kẹ́ ẹ tọ̀ nílé kẹ́ ẹ tó jáde, bí kò tilẹ̀ gbọ̀n yín. Ẹ mú omi dání, kẹ́ ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ọjà, ilé ìtọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ, kẹ́ ẹ tó tú ẹrù. Ẹ bá aládùúgbò yín ṣe àdéhùn: “Bá mi ṣọ́ tèmi, màá bá ọ ṣọ́ tìẹ.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń wọ ọkọ̀ kan náà láràárọ̀, ẹ pa ohùn pọ̀ kẹ́ ẹ sọ fún awakọ̀ pé kó dúró níbi tí ilé ìtọ̀ wà. Bí obìnrin kan bá sọ ọ́, ó lè pè é ní aláriwo. Bí obìnrin márùn-ún bá sọ ọ́, yóò dúró.

Ti oògùn tàǹsíọ̀n ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Tàǹsíọ̀n kì í pariwo. Ó lè má dunni níbì kan, títí ọjọ́ tí apá àti ẹsẹ̀ kan yóò fi rọ. Ẹ wá sọ òótọ́ fún wa pé ọ̀nà ni kò jẹ́ kẹ́ ẹ lò ó. A lè yí àkókò rẹ̀ padà, dókítà sì lè fún yín ní òmíràn. Ohun tí a ṣe fún ìyá aláṣọ náà nìyẹn. Ó ti ń lo oògùn rẹ̀ báyìí lẹ́yìn tó bá dé ọjà.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti ẹsẹ̀. Bí a bá jókòó ní fífún pọ̀ fún wákàtí púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ kì í tètè gòkè. Ẹ máa na ọmọ ìka ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ máa gbé gìgísẹ̀ sókè-sódò nínú ọkọ̀. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dunni, ẹ̀jẹ̀ lè ti dì síbẹ̀. Ẹ má fi òrí wọ́ ọ, ẹ má fi omi gbígbóná jó o. Ilé ìwòsàn ni o. Bí èémí bá tún ń há, ẹ má dúró di ọ̀la.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ ọwọ́ tẹ́ ẹ ń fi ọmọ sílé, ẹ má tìtorí ọ̀nà já ọmú lẹ́nu ọmọ. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ fún wàrà ọmú sínú ife mímọ́ tó ní ìdérí, kí wọ́n fi ife rọra fún ọmọ. Nínú ooru tiwa yìí, kó má ju wákàtí 4 lọ níta. Bí ẹ bá délé, ọmú ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún un, ẹrù lè dúró. Ẹ̀yin tó ń gun zémidjan, ẹ dé kásìkì. Bí ẹ bá lè rí ọkọ̀ wọ̀, ẹ má fi ọmọ gun ọ̀kadà lójú títì ńlá.

Ó ku oorun. Àgbàlagbà nílò oorun bíi wákàtí 7 lóru. Ẹni tó jí ní aago mẹ́ta ààbọ̀, tó tún ń fọ abọ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, níbo ni yóò ti rí i? Ẹ̀yin baálé tẹ́ ẹ ń gbọ́ mi, owó tí ìyá ń bá bọ̀ láti ọjà, gbogbo ilé ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó délé ṣáájú lè gbé omi kaná. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè fọ abọ́, ì báà ṣe ọkùnrin.

Èmi ò lè sọ ọ̀nà Kútọnu di kúkúrú. Ìyá aláṣọ yẹn náà ṣì ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà wá, tàǹsíọ̀n rẹ̀ ti wálẹ̀, ìtọ̀ rẹ̀ kò ta á mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dókítà, owó nìkan ni mò ń fún awakọ̀ báyìí.”

Ẹ̀yin náà, ẹ fún un lówó nìkan. Ìlera loògùn ọrọ̀. Ọ̀nà á dára o, ọjà á tà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.