Ẹja Tó Bọ́, Jẹ́ Kó Lọ

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ni bí ọmọdé ṣe lè fi ìwọ̀ mú ẹja òkun àkọ́kọ́ rẹ̀ láti orí iyanrìn, kí ó sì padà sílé ní àlàáfíà.

Ọ̀pọ̀ òbí ní etíkun wa, láti Àgbádárìgì títí dé Lẹ́kí, a máa sọ fún ọmọ pé, "Má dé etí òkun." Òfin náà dára, ṣùgbọ́n a mọ ọmọdé: ohun tí a kò bá fi hàn án, yóò yọ́ lọ wò ó. Ó sàn kí àgbà fà á lọ́wọ́ lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ òkun wa. Kò sí erékùṣù níwájú wa tí yóò bá wa gba ìgbì Àtìláńtíìkì. Láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹsàn-án, ìgbì náà a máa ga. Àwọn àgbà sì wí pé, òkun kì í hó ruru kí a wà á ruru. Ìgbà ọyẹ́, tí òkun máa ń rọlẹ̀ díẹ̀, ni ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi ìdúró náà ṣe pàtàkì. Ní Tarkwa Bay, lẹ́nu ọ̀nà èbúté Èkó, omi rọ̀ ju ti ìta lọ, nítorí àwọn ògiri òkúta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ sínú òkun ní nǹkan bí ọdún 1908 ń dá ìgbì dúró. Ọkọ̀ ojú omi ni a ń wọ̀ débẹ̀. Kí ọmọ wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ó tó wọ ọkọ̀. Orí iyanrìn ni kí ẹ dúró. Ẹ má gun àwọn òkúta náà, nítorí wọ́n ń yọ̀.

Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ má tíì tú okùn. Ẹ jókòó, kí ẹ wo omi fún ìṣẹ́jú 15. Ìgbì ńlá kì í dá rìn. Ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ni wọ́n ń wá. Ẹ wo ibi tí èyí tí ó tóbi jù nínú wọn rin iyanrìn dé, kí ẹ lọ sẹ́yìn ibẹ̀ ní ìṣísẹ̀ 10, kí ẹ sì ri ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ọ̀pá náà ni ààlà ọmọ. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun ń kún tí ó sì ń fà. Bí ó bá ń kún bọ̀, ẹ sún ọ̀pá sẹ́yìn.

Okùn ọ̀rá tí a wé mọ́ agolo, òjé kékeré kan àti ìwọ̀ kékeré kan ti tó. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún tí ó wà lẹ́nu ìwọ̀ pẹlẹbẹ, kí ó lè rọrùn láti yọ bí ó bá gún ènìyàn. Edé tàbí ègé sháwá ni kí ẹ fi ṣe ìjẹ. Àgbà ni kí ó ju ìwọ̀, lẹ́yìn tí ó bá ti wẹ̀yìn wò. Ọmọ kò gbọdọ̀ wé okùn mọ́ ọwọ́, kí ẹja ńlá má baà fà á, kí okùn má sì gé e.

Nígbà tí ẹja bá jẹ, kí ọmọ má sáré síwájú. Ẹ̀yìn ni kí ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, kí ìgbì tí ń bọ̀ gbé ẹja wá fún un. Bí omi bá ń padà, kí ó kàn di okùn mú.

Ibí yìí gan-an ni ewu wà. Ẹja a bọ́ nínú omi tí ń hó. Ọmọ a rí i tí ó ń dán ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i, a sì sáré tẹ̀ lé e. Omi tí ń padà, bí kò tilẹ̀ ju orúnkún lọ, lè gbá ọmọdé lẹ́sẹ̀, kí ó sì wọ́ ọ lọ. Nítorí náà, ilé ni ẹ ti máa kọ́ ọ. Ẹ so bàtà mọ́ okùn nínú àgbàlá, kí ọmọ máa fà á, kí ẹ sì gé okùn náà lójijì. Bí ó bá sáré lé bàtà, kò tíì tó lọ sí òkun. Bí ó bá dúró, tí ó wí pé, "Ẹja tó bọ́, jẹ́ kó lọ," ó ti yege.

Kí kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí a dé pinpin, tí a so okùn gígùn mọ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Bí omi bá gbé ẹnìkan, kẹ́ẹ̀gì ni kí ẹ jù sí i, kí ẹ sì ké pe àwọn apẹja. Ẹ má bẹ́ sínú omi lọ́wọ́ òfo. Ìwọ ọmọ, bí omi bá ń fà ọ́ lọ, má bá a jà. Léfòó, na ọwọ́ sókè, kí o sì lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, ní ìbámu pẹ̀lú etí òkun, títí omi yóò fi dẹ̀ ọ́.

Bí ó bá jẹ́ àpò ni ẹ mú, ẹ kú oríire. Bí ó bá jẹ́ òbọ̀kún, ẹ ṣọ́ra: ó ní ẹ̀gún lẹ́yìn àti ní ìhà méjèèjì. Àgbà ni kí ó yọ ọ́. Bí ó bá gún ènìyàn, ẹ ri ojú ibẹ̀ bọ omi gbígbóná tí àgbà ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ wò, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹja tí ó bá ń wú bí bọ́ọ̀lù, ẹ dá a padà. Májèlé inú rẹ̀ kì í jinná.

Ó ku ti àgbà. Fi ìwọ̀ tìrẹ sílé lọ́jọ́ náà. Ojú tí ń wo okùn kò lè wo ọmọ. Bí ẹja ọmọ náà kò bá sì ju ìka lọ, yìn ín gidigidi. Ṣùgbọ́n bí ẹja bá bọ́ tí kò lé e, kí o yìn ín jù bẹ́ẹ̀ lọ.