Ọjà Lọ Sókè Òkun, Owó Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa

  

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni kí n sọ̀rọ̀ lórí owó ọjà òkè òkun. Ẹ ní ẹ fẹ́ máa kó kajú àti òrí yín jọ, kí ẹ máa tà á fún àwọn oníbàárà òkè òkun fúnra yín, dípò kí alágbàtà máa jẹ èrè orí ẹ̀. Ìmọ̀ràn tó dáa ni. Vietnam àti Íńdíà ni kajú Nàìjíríà ń lọ jù, ẹ ò sì níí wá ẹni tó máa rà á tì. Ṣùgbọ́n bí ọjà bá lọ, báwo lowó ṣe máa dé?

Nílé níbí, bí ẹ bá ta àwìn fún ẹnì kan, ẹ mọ ilé rẹ̀, ẹ mọ ìsọ̀ rẹ̀, ẹ sì mọ ẹni tí ẹ máa fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ẹni tó wà ní Vietnam ńkọ́? Ta ló fẹ́ lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀? Owó ẹgbẹ́ sì lẹ fẹ́ fi ra ọjà yìí. Owó ilé ìwé ọmọ wà níbẹ̀, owó ọjọ́ àìsàn wà níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́rin ni owó yìí ń gbà wọlé.

Èkíní ni owó ṣáájú. Òun ló dáa jù fún wa, ṣùgbọ́n ẹ̀rù máa ń ba oníbàárà náà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń pín in: bíi 30 nínú 100 ṣáájú, ìyókù nígbà tí ìwé ẹrù bá jáde. Bí ọjà yín bá máa bá ọkọ̀ òfuurufú lọ, bí òrí díẹ̀ tàbí ata gbígbẹ, gbogbo owó ni kí ẹ gbà ṣáájú. Ìwé ẹrù ọkọ̀ òfuurufú kì í ṣe ohun tí ẹ lè fi di ọjà mú. Ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí i ló máa gbé e.

Èkejì ni Letter of Credit, tí wọ́n ń pè ní L/C. Báńkì oníbàárà ló fọwọ́ sí i pé òun á sanwó, bí ìwé wa bá pé tó sì bára mu. Ẹ gbọ́ o: ìwé ni báńkì ń wò, kì í wo kajú. Bí iye kílò inú ìwé kan bá yàtọ̀ sí ti ìkejì, wọ́n lè kọ̀ ọ́. Lábẹ́ òfin UCP 600 tí àwọn báńkì ń lò láti ọdún 2007, bí L/C kò bá dá ọjọ́ míì, ìwé gbọ́dọ̀ dé báńkì kó tó pé ọjọ́ 21 tí ọjà wọ ọkọ̀. Báńkì sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti yẹ̀ ẹ́ wò. L/C gidi, láti báńkì dé báńkì ló ń gbà wá. Bí oníbàárà bá fi í ránṣẹ́ tààrà sórí fóònù yín, ẹ gbé e lọ sí báńkì kí ẹ tó ra àpò kan. Owó tí báńkì ń gbà lórí ẹ̀ kò kéré, ọjà ńlá ló yẹ.

Ẹ̀kẹta, kí báńkì bá wa di ìwé mú. Bí ọjà bá wọ ọkọ̀ ojú omi, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ á fún wa ní Bill of Lading. Ẹ rí i pé "to order" ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe orúkọ oníbàárà. Báńkì ò ní fún oníbàárà ní ìwé yìí títí tó fi máa sanwó. Ó sàn ju àwìn lọ, àmọ́ báńkì ò ṣèlérí owó fún wa o. Bí oníbàárà bá yí ohùn padà, ọjà á wà ní èbúté wọn, owó ìtọ́jú ẹrù á sì máa gorí ara wọn.

Ẹ̀kẹrin ni àwìn pátápátá. Ẹni tó ti sanwó fún wa lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìyẹ̀ nìkan ni kí ẹ fún.

Ẹ má gbàgbé ti ìjọba. Ẹ gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, kí báńkì sì bá yín ṣe Fọ́ọ̀mù NXP kí ọjà tó kúrò ní Nàìjíríà. Òfin Báńkì Àpapọ̀, CBN, sọ pé owó ọjà tí kì í ṣe epo rọ̀bì gbọ́dọ̀ wọlé láàárín ọjọ́ 180. Bí oníbàárà bá sá lọ, àdánù nìkan kọ́, báńkì á tún máa bi yín léèrè owó.

Ó wá ku àwọn oníjìbìtì. Wọ́n á fi ṣẹ́ẹ̀kì tó ju iye ọjà lọ ránṣẹ́, wọ́n á ní kí ẹ dá ṣéńjì padà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ṣẹ́ẹ̀kì á já sófo, ṣéńjì yín ti lọ. Wọ́n á fi fọ́tò ìwé ẹ̀rí owó ránṣẹ́ sórí fóònù. Fọ́tò kì í ṣe owó! Ó di ìgbà tí báńkì yín bá sọ pé owó ti wọlé. Wọ́n á ní kí ẹ san owó díẹ̀ kí owó ńlá tó jáde. Ẹ má san kọ́bọ̀. Àwọn míì á wọ inú ímeèlì yín, wọ́n á sọ fún oníbàárà pé nọ́ńbà àkáǹtì yín ti yí padà. Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé àkáǹtì ò ní yí padà láìjẹ́ pé ẹ bá ara yín sọ̀rọ̀ lórí nọ́ńbà fóònù tí ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀.

Nítorí náà, kí ẹgbẹ́ fi ọjà kékeré bẹ̀rẹ̀, iye tó jẹ́ pé bó bá sọnù, ẹgbẹ́ ò ní wó. Kí olóyè méjì jọ máa lọ sí báńkì, kó má jẹ́ ẹyọ kan. Kí àdéhùn owó wà lórí ìwé kí ẹ tó ra ọjà. Oníbàárà tó bá ń kán yín lójú pé ẹ ṣáà kó ọjà wá, owó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ọjà wa á tà, owó rẹ̀ á sì wọlé. Àṣeyí ṣàmọ́dún o.